Ṣé dígírì yunifásítì ṣì tó gbèsè tí à ń tìtorí rẹ̀ jẹ?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú làálàá orí ìwé ìròyìn yìí. Mo ń kọ lẹ́tà yìí sí yín lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń di àríyànjiyàn nínú ilé, nínú ọjà àti níbi ìpàdé ẹbí lọ́dọ̀ wa, pàápàá nígbà tí èsì ìdánwò JAMB bá ti jáde: ǹjẹ́ dígírì yunifásítì ṣì tó ohun tí òbí ń tìtorí rẹ̀ ta ilẹ̀, tí ó ń tìtorí rẹ̀ tọrùn bọ gbèsè, tí ọmọ fúnra rẹ̀ sì ń tìtorí rẹ̀ lo ọdún mẹ́fà tàbí méje nínú ìgbà èwe rẹ̀? Àwọn kan ti pinnu pé kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ìwé kò lówó lórí mọ́. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sétí, nítorí pé lójú tiwọn, ọmọ tí kò bá lọ sí yunifásítì ti di ẹni ẹ̀yìn láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé dígírì tó owó rẹ̀, ó tilẹ̀ jù ú lọ, fún ọmọ tí ó mọ ohun tí ó fẹ́ fi í ṣe, tí iṣẹ́ tí ó wù ú kò sì ní ẹnu ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n kò tó owó rẹ̀ rárá fún ọmọ tí a kàn tì wọ ọgbà yunifásítì nítorí ohun tí aráyé yóò wí. Irú àwọn ọmọ kejì yìí ni mo sì ń rí jù.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní ìlú Ìbàdàn. Ọlọ́jà, tíṣà, awakọ̀, télọ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ wa lè yá ìlọ́po méjì iye tí ó ti fi pamọ́, yóò mú oníduùró méjì wá láàrin ọmọ ẹgbẹ́, yóò sì kọ ohun tí ó fẹ́ fi owó náà ṣe sínú fọ́ọ̀mù. Bí ó bá jẹ́ ọjà ni ó fẹ́ fi rà, ìgbìmọ̀ tí ó ń rí sí owó yíyá yóò fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò dáadáa: irú ọjà wo ni, níbo ni yóò ti rà á, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀, èló ni èrè orí rẹ̀, kí ni yóò sì ṣe bí ọjà náà kò bá tètè tà. Mo ti rí i tí wọ́n dá fọ́ọ̀mù obìnrin kan padà nítorí pé kò lè sọ iye tí wọ́n ń ta àpò ìrẹsì kan lọ́sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ “owó iléèwé ọmọ” ni ènìyàn kọ síbẹ̀, kò sí ẹni tí í béèrè ohunkóhun. Wọn yóò fọwọ́ sí i, wọn yóò gbàdúrà fún ọmọ náà, wọn yóò sì pe ẹni tí ó kàn. Owó ọjà tí yóò padà wálé láàrin oṣù díẹ̀ ni a fi odindi ọ̀sán wádìí. Gbèsè tí yóò tẹ̀lé ìdílé kan fún ọdún mẹ́rin, márùn-ún, ni a kò fi ìṣẹ́jú kan tú wò.

Ní ọdún kan, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà wá yá owó fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí yunifásítì. Mo bi í pé kọ́ọ̀sì wo ni ọmọ náà fẹ́ kà. Kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó pe ọmọ náà lórí fóònù níṣojú mi, ọmọ náà sì dárúkọ kọ́ọ̀sì kan tí òun fúnra rẹ̀ kò ronú kàn rí kí wọ́n tó gbé e síwájú rẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó wù ú, máàkì rẹ̀ kò tó, wọ́n sì fún un ní ibi tí àyè ṣì wà. Ó ní òun yóò gbìyànjú láti pààrọ̀ rẹ̀ bí òun bá dé ọdún kejì. Ìyá rẹ̀ wò mí, ó ní, “Ẹ jẹ́ kó ṣáà wọlé ná, Akọ̀wé wa.” Mo mú bébà kan, a jọ ṣírò rẹ̀: owó ìgbàwọlé, owó iléèwé, owó àyẹ̀wò ara, owó yàrá níta nítorí pé ibùgbé inú ọgbà kò kárí, fóòmù tí yóò sùn lé, sìlíńdà gáàsì kékeré, aṣọ díẹ̀, owó mọ́tò, owó dátà. A kò tí ì dé orí oúnjẹ tí àròpọ̀ rẹ̀ fi kọjá gbogbo èrè tí ó rí lórí èlùbọ́ ní odindi ọdún tí ó ṣáájú. Ó ká bébà náà, ó fi í sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Mo bọ̀wọ̀ fún obìnrin náà títí di òní, nítorí pé ìfẹ́ ọmọ ni ó mú un ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “kó ṣáà wọlé ná” yẹn ni mo rò pé ó ń jẹ owó àwọn òbí ilẹ̀ wa jù lọ báyìí.

Kì í ṣe pé àwọn òbí wa kò gbọ́n. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ń tẹ̀lé. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì wà títí di ọdún 1962 tí ó fi dá dúró. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí owó kòkó ṣì ń gbé ìlú ró. Láàrin ìran kan ṣoṣo, ọmọ àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ di dókítà, di adájọ́, di akọ̀wé àgbà ní sẹkitéríàtì. Iṣẹ́ ń dúró de ẹni tí ó bá jáde, ọkọ̀ àti ilé sì ń bá iṣẹ́ náà rìn. Ní ọdún 1978, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì káàkiri Nàìjíríà fi ẹ̀hónú hàn nítorí pé ìjọba ológun gbé owó oúnjẹ wọn láti 50 kọ́bọ̀ lóòjọ́ sí náírà kan àti 50 kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò: ìjọba ni ó ń gbé púpọ̀ nínú ìnáwó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà. Ẹni tí ó rí irú ayé bẹ́ẹ̀, tí ó sì rí bí ẹ̀kọ́ ṣe gbé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kúrò lóko, kò lè ṣàì gbàgbọ́ pé yunifásítì ni ọ̀nà àbáyọ, yóò sì fi ìgbàgbọ́ náà lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Iyì ẹ̀kọ́ kò yí padà láti ìgbà náà. Iye àwọn tí ó ní ìwé ẹ̀rí ni ó yí padà, àti iye iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ fún wọn. Yunifásítì tí ó wà ní Nàìjíríà lónìí ti ju 250 lọ, àwọn ọmọ tí ó ń jókòó fún ìdánwò JAMB lọ́dọọdún sì súnmọ́ 2,000,000. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí ó máa ń wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sínú ọgbà kí wọ́n tó ṣe àṣekágbá ìdánwò ní ayé ijọ́un kò pọ̀ mọ́. Púpọ̀ nínú wọn ti kógbá wọlé. Ìwé ẹ̀rí tí ó ń ya ènìyàn sọ́tọ̀ nígbà tí àwọn tí ó ní i kò tó nǹkan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí gbogbo ẹni tí ó tò síwájú ilé iṣẹ́ bá mú irú rẹ̀ lọ́wọ́.

Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ ohun tí ó ń náni, owó iléèwé nìkan ni àwọn ènìyàn máa ń wò. Òótọ́ ni pé owó náà ti ga. Ní ọdún 2023, Yunifásítì Èkó gbé owó tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń san láti ₦19,000 lọ sí iye tí ó ju ₦100,000 lọ, bẹ́ẹ̀ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni, tí ìlànà ìjọba sọ pé kò gbọdọ̀ gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ka dígírì àkọ́kọ́. Ti àwọn aládàáni ti di mílíọ̀nù lọ́nà mélòó kan lọ́dún. Ṣùgbọ́n ọdún ni ó wọ́n jù nínú ohun tí ọmọ ń san, kò sì sí ẹni tí í kọ ọ́ sínú ìṣirò. Ẹ mú ọmọ tí ó wọlé ní ìparí ọdún 2019 fún kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rin. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, ó di oṣù Kejìlá kí wọ́n tó dá a dúró. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni ó tó parí. Oṣù mẹ́tàdínlógún ti lọ nínú ayé ọmọ náà nìyẹn. Èmi kò di ẹ̀bi náà ru àwọn olùkọ́. Àdéhùn tí ìjọba bá wọn ṣe ní ọdún 2009 ni wọ́n ń bèèrè, ẹni tí ebi ń pa kò sì lè kọ́ ọmọ ọlọ́mọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ni ó san án, kò sì sí ẹni tí yóò dá a padà fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, yóò dúró de èsì ìdánwò, yóò dúró títí orúkọ rẹ̀ yóò fi jáde ní NYSC, yóò sì lo ọdún kan níbi àgùnbánirọ̀. Àgùnbánirọ̀ ń gba ₦77,000 lóṣù láti ọdún 2025. ₦33,000 ni wọ́n ń gbà ṣáájú ìgbà náà. Bí ó bá ṣetán, tí ó sì rí iṣẹ́, owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin là kalẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000, bẹ́ẹ̀ àwọn iléèwé aládàáni tí kì í san tó bẹ́ẹ̀ fún tíṣà tí ó ní dígírì wà ní gbogbo àdúgbò wa. Ẹni tí ó wọlé ní ọmọ ọdún méjìdínlógún ti ń súnmọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Èyí tí ó sì dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn báǹkì àti ilé iṣẹ́ tí ó ń kéde iṣẹ́ a máa kọ ọ́ sínú ìkéde wọn pé àwọn kò fẹ́ ẹni tí ó bá ti kọjá ọjọ́ orí yẹn. Ọdún tí ìyanṣẹ́lódì jẹ mọ́ ọmọ lọ́wọ́ ni wọ́n tún fi ń tì í síta, ẹni tí kò yanṣẹ́ lódì tí kò sì bá ìjọba ṣe àdéhùn kankan.

Síbẹ̀, n kò ní gbà fún ẹni tí ó bá ní dígírì kò wúlò. Ẹni tí ó bá fẹ́ di dókítà, apòògùn, agbẹjọ́rò tàbí ẹnjiníà kò ní ọ̀nà ẹ̀bùrú tí ó lè gbà. Ọdún mẹ́fà ni ti dókítà, ọdún márùn-ún ni ti agbẹjọ́rò kí ó tó kan ilé ẹ̀kọ́ òfin, ìlú sì nílò gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ síwájú sí i ní Britain tàbí ní Kánádà, dígírì àkọ́kọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì mọ ohun tí ìwé ẹ̀rí ń ṣe fún obìnrin. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, tí àwọn ẹbí ọkọ wá kó ẹrù kúrò nílé kí ogójì ọjọ́ tó pé, ṣùgbọ́n tí ó ní ìwé ẹ̀rí tí ó fi ń ṣe iṣẹ́ tíṣà lábẹ́ ìjọba, mo mọ irú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ nínú ẹgbẹ́ wa. Owó oṣù yẹn ni ó fi gba ilé, òun ni ó fi tọ́ àwọn ọmọ, òun ni kò jẹ́ kí ó fẹ́ ẹni tí kò wù ú nítorí oúnjẹ. Ẹni tí ó bá rí ìyẹn nítòsí kò ní dá ọmọbìnrin kankan dúró lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì.

Ó tún yẹ kí n sọ èyí, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti ń dùn mí: púpọ̀ nínú àwọn ẹni ńlá tí ó ń gba ọmọ tálákà nímọ̀ràn lórí rédíò pé kí ó lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ kì í gba ọmọ tiwọn nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ọmọ tiwọn ń bẹ ní yunifásítì ní òkè òkun. Kí ènìyàn ka ìtàn, kí ó ka èdè Yorùbá, kí ó ka ìmọ̀ ìràwọ̀ nítorí pé ó fẹ́ mọ̀ ọ́n, kò yẹ kí ó di ohun tí ọmọ olówó nìkan ní ẹ̀tọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sí lẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń pariwo pé ìwé kò lówó lórí nítorí pé wọ́n rí ẹnì kan tí ó fi jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Olè ni ìyẹn, kò sì yẹ kí a máa gbé e sórí òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tàbí pẹ̀lú iṣẹ́.

Ohun tí mo ń bá jà ni bí a ṣe sọ ìwé ẹ̀rí di ohun tí à ń wá nítorí ara rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2023, oníròyìn kan ní Nàìjíríà fi han gbogbo ayé bí òun ṣe gba dígírì láti iléèwé kan ní Kútọnú láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí òun sì fi í wọ NYSC. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dáwọ́ gbígba dígírì láti orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò dúró, ìyẹn sì kó bá àwọn ọmọ wa tí ó jókòó kẹ́kọ̀ọ́ ní iléèwé gidi lọ́hùn-ún. Gbogbo ènìyàn bú àwọn tí ó ń ta ìwé ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó ń rà á náà. Kò sí ẹni tí yóò ra ìwé dókítà lọ́nà bẹ́ẹ̀ kí ó sì dúró lórí aláìsàn pẹ́ títí kí àṣírí tó tú. Àwọn tí ó ń rà á ń rà á nítorí iṣẹ́ tí kò nílò ìmọ̀ tí a kọ sórí ìwé náà rárá, iṣẹ́ tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá ti lè fi ìwé náà hàn ti kọjá ìdájọ́. Ìyẹn ni pé àwọn tí ó ń gbani síṣẹ́ gan-an ni ó dá ọjà náà sílẹ̀. Wọ́n ń bèèrè dígírì lọ́wọ́ ẹni tí yóò máa gbé fóònù, lọ́wọ́ ẹni tí yóò máa ka owó fún oníbàárà, lọ́wọ́ ẹni tí yóò máa ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé àwọn tí ó ń wá iṣẹ́ pọ̀ jù, dígírì sì ni ọ̀nà tí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù láti fi dín wọn kù. Gbogbo ìdílé tí ó wà lábẹ́ ni ó ń sanwó ìrọ̀rùn yìí.

Ìjọba gan-an kò fi àpẹẹrẹ rere lélẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn tí ó jáde ní pólì. Yaba College of Technology ti wà láti ọdún 1947, ó ti wà kí yunifásítì kankan tó wà ní ilẹ̀ yìí; Pólì Ìbàdàn ti wà láti ọdún 1970. Ọmọ pólì yóò ka ND, ìwé ẹ̀rí pólì àkọ́kọ́, fún ọdún méjì, yóò lọ fi ojú ba iṣẹ́ fún ọdún kan, yóò padà wá ka HND, ìwé ẹ̀rí pólì tí ó ga jù, fún ọdún méjì, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì ti mọ ohun tí ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n tí ó bá wọ iṣẹ́ ìjọba, ipele kẹrìnlá ni wọ́n máa ń dá a dúró sí, nígbà tí ẹni tí ó ní dígírì yóò kọjá lọ dé ipele kẹtàdínlógún. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni a ti ń gbọ́ pé wọn yóò fòpin sí ìyàtọ̀ yìí, ó sì ṣì ń yọ àwọn ọmọ pólì lẹ́nu. Òbí tí ó mọ èyí, báwo ni a ṣe fẹ́ sọ fún un pé kí ó fi ọmọ rẹ̀ sí pólì dípò kọ́ọ̀sì yunifásítì tí kò mọ orúkọ rẹ̀? Ó ti wo ọ̀nà, ó rí i pé wọ́n gbé igi dí i ní àárín. Kò sí ìwàásù tí ó lè yí òbí bẹ́ẹ̀ lọ́kàn padà bí ìjọba kò bá kọ́kọ́ gbé igi náà kúrò.

Ti iṣẹ́ ọwọ́ tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ. Ẹni tí ó bá ń kọ́lé ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn mọ̀ pé bí ó bá fẹ́ kí wọ́n to táìsì rẹ̀ kí ó gún régé, tàbí kí wọ́n ṣe POP sí àjà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn yóò sọ fún un pé kí ó wá àwọn ará Kútọnú tàbí àwọn ará Tógò. Iṣẹ́ tí owó wà nídìí rẹ̀ ni, nílé wa níbí, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nítorí pé àwọn ọmọ tiwa kì í fẹ́ dúró kọ́ ọ parí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí epo bẹtiróò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì ti di ọ̀wọ́n gógó, àwọn tí ó mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ sólà sórí ilé kò ráyè sinmi. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ kò rọrùn. Ọ̀gá mìíràn a sọ ọmọ iṣẹ́ di ọmọ ọ̀dọ̀, yóò máa fi í pọn omi, yóò máa fi í fọ aṣọ, ọdún àkọ́kọ́ yóò sì kọjá láìjẹ́ pé ọmọ fọwọ́ kan irinṣẹ́. Owó fírídọ́ọ̀mù wà, owó irinṣẹ́ wà, kò sì sí owó ìfẹ̀yìntì fún ẹni tí ara rẹ̀ bá ti di ara àgbà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ohun tí a lè tún ṣe, tí a sì ti ṣe ètò láti tún ṣe rí. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta àti mẹ́ta ní girama, mẹ́rin ní yunifásítì) bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, èrò wọn ni pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ́n yóò lè yà sí iléèwé ìmọ̀ iṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi í ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n kó ẹ̀rọ wá láti òkè òkun. Púpọ̀ nínú rẹ̀ dípẹtà nínú àpótí tí wọ́n kó o wá, nítorí pé iná kò sí, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò kò sì sí. Ìgbìmọ̀ wa ti fẹnu kò báyìí pé ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó fún ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọmọ rẹ̀ yóò rí i yá ní èlé kan náà pẹ̀lú ti yunifásítì, kò sì ní tijú kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ owó ti yanjú báyìí, nítorí pé ìjọba àpapọ̀ ti dá owó ìyálò akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ nípasẹ̀ àjọ tí wọ́n ń pè ní NELFUND. Inú mi dùn sí ètò náà. Òfin tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 gbà kí wọ́n san owó iléèwé ọmọ tààrà fún iléèwé rẹ̀, kí wọ́n sì máa fún un ní owó ìgbọ́bùkátà, láìsí èlé kankan. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìbá ti dúró sílé ni ó ti rí ọ̀nà lọ. Ṣùgbọ́n gbèsè ni, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lẹ́yìn ọdún méjì tí ọmọ bá ti parí NYSC, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò máa yọ. Tẹ́lẹ̀, orí ìyá tí ó ń ta èlùbọ́ ni gbèsè náà wà. Ní báyìí, ó ti di ti ọmọ. Ọmọ tí ó bá kọ́ ohun tí ó wúlò fún un yóò san án, yóò sì máa dúpẹ́. Ọmọ tí ó bá lọ ka kọ́ọ̀sì tí kò yàn, tí kò sì fẹ́, yóò jáde pẹ̀lú gbèsè ìjọba lọ́rùn, ní ọjọ́ orí tí àwọn báǹkì sọ pé ó ti dàgbà jù. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ètò ìyálò yìí gan-an mú kí ó di dandan pé kí a bá ọmọ jókòó kí ó tó kọ orúkọ kọ́ọ̀sì sínú fọ́ọ̀mù: kí ni àwọn tí ó ka kọ́ọ̀sì yìí ń ṣe lónìí, ta ni nínú wọn tí a lè bá sọ̀rọ̀, ǹjẹ́ ó wu ọmọ náà, ọ̀nà mìíràn wo ni ó sì lè gbà dé ibi tí ó ń lọ?

Òbí kò lè dáhùn àwọn ìbéèrè yìí fúnra rẹ̀. Àwọn yunifásítì mọ iye ọmọ tí ó ń jáde nínú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, wọ́n ní orúkọ wọn, wọ́n ní nọ́ńbà fóònù wọn, wọ́n sì máa ń wá wọn rí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n dáwó fún iléèwé. Kí wọ́n fi ọ̀nà kan náà wá wọn, kí wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí iṣẹ́, irú iṣẹ́ tí ó jẹ́, àti iye oṣù tí ó gbà wọ́n kí wọ́n tó rí i. Kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń kéde kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn ni ó ni àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀, wọ́n lè pa á láṣẹ fún wọn láìdúró de Àbújá. Àwọn ni ó sì ń gbani sí iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, nítorí náà wọ́n lè yọ ìdènà tí ó wà níwájú àwọn tí ó ní HND nínú iṣẹ́ tiwọn.

Ẹ̀yin Olóòtú, mo bẹ̀ yín kí ẹ bá wa gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí lọ síwájú àwọn kọmíṣọ́nnà tí ó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ àti àwọn tí ó ń rí sí iṣẹ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹ sì tẹ èsì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn bá fún yín jáde ní ojú ewé yìí kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta fọ́ọ̀mù JAMB.

Èmi ni,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan,
Ìbàdàn.